Feng shui ní Johannesburg: Kí ló pa ọjọ́ ìbí yín àti ẹnu ọ̀nà ilé yín pọ̀?

Tí ọ̀gá feng shui bá wọ inú ilé ènìyàn, ohun méjì ló sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè. Àkọ́kọ́ ni ibi tí ilé náà dojú kọ. Èkejì ni ọjọ́ tí wọ́n bí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, torí pé kò sí bírísọ̀ tó fẹ́ mọ ilé tí kò mọ ibi tí oòrùn ti ń yọ. Èkejì ló máa ń rú àwọn ènìyàn lójú. Kí ló kan ọjọ́ ìbí nínú ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn, ibùsùn àti ibi ìdáná?

Ní Johannesburg, ìbéèrè kẹta tún wà, èyí tí àwọn tó gbé ìlànà yìí kalẹ̀ ní China láyé àtijọ́ kò ní ìdí kankan láti bi ara wọn. Ní ilẹ̀ tiwọn, apá gúúsù ni oòrùn máa ń wà lọ́sàn-án. Ní Johannesburg, apá àríwá ló máa ń wà. Ṣé òfin ibẹ̀ lè ṣiṣẹ́ níbí bó ṣe rí?

Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé, tó fẹ́ wó ògiri, tàbí tó fẹ́ mú ọjọ́ ìgbéyàwó nípasẹ̀ ìlànà yìí gbọ́dọ̀ mú ìdáhùn kan. Owó gidi ló sì máa ná lé e lórí.

Àwọn ará China ní ìlú wúrà

Wúrà tí wọ́n rí ní ọdún 1886 ló sọ Johannesburg di ìlú, kò sì pẹ́ tí àwọn ará China fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti wá ṣòwò.

Láàrin ọdún 1904 sí 1910, ìjọba kó àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 60,000 wá láti China láti wa kùsà ní Witwatersrand. Nígbà tí àdéhùn iṣẹ́ wọn parí, wọ́n dá wọn padà sílé. Nítorí náà, kì í ṣe àwọn awakùsà yìí ni baba ńlá àwọn ará China tó ti pẹ́ jù ní ìlú náà. Àwọn oníṣòwò láti apá gúúsù China, tí wọ́n ń sọ èdè Cantonese àti Hakka, ni wọ́n ṣẹ̀ wá láti ara wọn.

Òpópónà Commissioner ni àwọn wọ̀nyí kọ́kọ́ fìdí kalẹ̀ sí. Lẹ́yìn ọdún 1990, àwọn tuntun tó ń dé láti China sọ òpópónà Derrick ní Cyrildene di ọjà àti ibùgbé tiwọn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ wo ijó kìnnìún nígbà ọdún tuntun wọn, níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ra kàlẹ́ńdà tí wọ́n ya ẹranko ọdún náà sí. Ẹni tó bá ti ṣọjà ní Chinatown tó wà ní Ojota, l'Ékòó, ti mọ irú kàlẹ́ńdà bẹ́ẹ̀.

Lójú ẹni tó ń kọjá, ẹranko yẹn kò ju ẹ̀ṣọ́ lọ. Lójú ọ̀gá feng shui, àdírẹ́ẹ̀sì ni.

Ẹranko méjìlá, ọ̀nà méjìlá

Afẹ́fẹ́ àti omi ni ìtumọ̀ feng shui. Ìwé kan tó sọ nípa bí wọ́n ṣe ń yan ilẹ̀ ìsìnkú, tí wọ́n sọ pé Guo Pu tó gbé láyé láàrin ọdún 276 sí 324 ló kọ ọ́, wà lára àwọn tó ti pẹ́ jù tó ṣàlàyé rẹ̀. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé agbára kan wà tí wọ́n ń pè ní qi, tí afẹ́fẹ́ máa ń tú ká, tí omi sì máa ń dá dúró. Iṣẹ́ ọ̀gá feng shui ni láti wá ibi tí qi yìí máa ń kó jọ sí, kí ó sì jẹ́ kí alààyè tàbí òkú jàǹfààní rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é. Àwọn kan ń wo ìrísí ilẹ̀, bí òkè ṣe wà lẹ́yìn ilé àti bí omi ṣe wà níwájú rẹ̀. Àwọn kejì ń lo kọ́ńpáàsì. Lọ́dọ̀ àwọn oníkọ́ńpáàsì yìí ni ìmọ̀ ìràwọ̀ ti wọlé.

Luopan ni orúkọ kọ́ńpáàsì wọn. Ó rí bí àwo pẹrẹsẹ, abẹ́rẹ́ òòfà kékeré wà láàrin rẹ̀, òrùka sì yí i ká lóríṣiríṣi, ọ̀kan nínú òmíràn. Ọ̀kan nínú àwọn òrùka wọ̀nyí pín ayé sí ọ̀nà 24, tí wọ́n ń pè ní òkè 24. Òkè kọ̀ọ̀kan gba dígíríì 15.

Méjìlá nínú òkè 24 yìí ni àwọn ẹranko tí gbogbo ènìyàn mọ̀: eku, màlúù, ẹkùn, ehoro, dírágónì, ejò, ẹṣin, àgùntàn, ọ̀bọ, àkùkọ, ajá àti ẹlẹ́dẹ̀. Eku wà ní àríwá gangan. Ẹṣin wà ní gúúsù gangan. Ehoro wà ní ìlà oòrùn, àkùkọ sì wà ní ìwọ̀ oòrùn.

Ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn. Àmì kan náà ni wọ́n fi ń ka ọdún, oṣù, ọjọ́ àti wákàtí, òun náà ni wọ́n fi ń ka ọ̀nà. Ẹni tí wọ́n bí ní ọdún ẹṣin ní ibi kan lórí kọ́ńpáàsì tó jẹ́ tirẹ̀, bí ìgbà tí ìdílé kan bá ní ojúlé tiwọn nínú agbo ilé.

Ẹranko nìkan kọ́ ni wọ́n ń kà. Ohun ìpilẹ̀ márùn-ún wà: igi, iná, ilẹ̀, irin àti omi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní akọ àti abo, èyí tó sọ wọ́n di mẹ́wàá. Tí wọ́n bá to mẹ́wàá yìí mọ́ ẹranko méjìlá, ọgọ́ta ọdún ni yóò gbà kí orúkọ kan tó padà wá. Ìdí nìyẹn tí ọdún 2026 fi jẹ́ ọdún Ẹṣin Oníná, tí irú rẹ̀ kò sì wáyé láti ọdún 1966.

Ìràwọ̀ tí kò sí lójú ọ̀run

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbọ́ pé ìmọ̀ ìràwọ̀ ni, máa ń rò pé àwọn ọ̀gá wọ̀nyí ń wo ojú ọ̀run lálẹ́. Wọn kì í wò ó. Ìwé kàlẹ́ńdà ni wọ́n ń wò.

Àmọ́ láti ojú ọ̀run ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará China láyé àtijọ́ kíyèsí i pé pílánẹ́ẹ̀tì Jupiter máa ń gba bí ọdún méjìlá kí ó tó yí ojú ọ̀run po, wọ́n sì fi ń ka ọdún. Ìṣòro wà níbẹ̀: kì í ṣe ọdún méjìlá gééré, ọdún 11.86 ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀nà tí Jupiter ń gbà lọ láàrin àwọn ìràwọ̀ lòdì sí bí wọ́n ṣe ń to àwọn ẹ̀ka méjìlá náà.

Kí wọ́n má baà da ìṣirò wọn rú, wọ́n dá ìràwọ̀ kan tí ojú kò lè rí sílẹ̀, tó ń rìn ní òdìkejì Jupiter, tó sì ń lo ọdún kan pére ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Tai Sui ni wọ́n sọ ọ́. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, Tai Sui di òòṣà, àwọn ènìyàn sì ń bẹ̀rù rẹ̀ bí ẹni ń bẹ̀rù ọba.

Àwọn ará China máa ń sọ nípa aláìgbọ́ràn pé ó ń walẹ̀ lórí Tai Sui, bí Yorùbá ṣe ń sọ pé ẹnìkan ń fi ìka ro ẹkùn nímú. Nínú feng shui, kì í ṣe àkàwé lásán. Ibi tí Tai Sui bá wà lọ́dún kan, wọ́n ní kí ènìyàn má ṣe gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀, kí ó má wó ògiri níbẹ̀, kí ó má sì jókòó kí ó dojú kọ ọ́.

Ní ọdún 2026, Tai Sui wà ní ojúlé ẹṣin, ìyẹn gúúsù. Ìràwọ̀ mìíràn tí wọ́n ń pè ní Pupa Rúsúrúsú Karùn-ún, tí àwọn tó ń lo ìlànà ìràwọ̀ mẹ́sàn-án gbà pé ó burú jù lọ, tún bọ́ sí gúúsù lọ́dún yẹn kan náà. Àwọn tí wọ́n bí ní ọdún eku, bíi 1960, 1972, 1984, 1996 àti 2008, ni wọ́n ní ọ̀rọ̀ kàn jù, torí pé òdìkejì ẹṣin ni eku wà.

Nítorí náà, bí onílé kan bá fẹ́ gbẹ́ kànga tàbí kí ó fi yàrá kún ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní apá gúúsù lọ́dún náà, ọ̀gá feng shui tó ń tẹ̀lé ìlànà yìí yóò ní kí ó ní sùúrù.

Tọkọtaya tí ibùsùn wọn kò mọ ibi tí yóò dojú kọ

Ọ̀nà mìíràn tí ọjọ́ ìbí ń gbà wọ inú ilé ni nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní kua. Èyí rọrùn débi pé ẹnikẹ́ni lè ṣe é lórí ìwé.

Ẹ mú nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn nínú ọdún ìbí, ẹ ro wọ́n pọ̀ títí yóò fi ku nọ́ńbà kan. Fún ọkùnrin tí wọ́n bí ṣáájú ọdún 2000, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 10. Fún obìnrin, ẹ fi 5 kún un, kí ẹ sì tún ro ó pọ̀ tó bá ju nọ́ńbà kan lọ. Ẹni tí wọ́n bí ṣáájú bí ọjọ́ 4, oṣù Kejì yóò lo ọdún tó ṣáájú, torí pé ọjọ́ yẹn ni ọdún oòrùn wọn máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin tí wọ́n bí ní oṣù Kẹfà ọdún 1972: 7 àti 2 jẹ́ 9. Tí a bá yọ 9 kúrò nínú 10, ó ku 1. Ẹni kìn-ín-ní wà nínú ẹgbẹ́ ìlà oòrùn, àwọn ọ̀nà tó dára fún un sì ni àríwá, gúúsù, ìlà oòrùn àti gúúsù ìlà oòrùn.

Ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n bí lọ́dún kan náà: 9 àti 5 jẹ́ 14, 1 àti 4 sì jẹ́ 5. Obìnrin tó bá já sí 5 yóò lo 8. Ẹgbẹ́ ìwọ̀ oòrùn lòun wà. Tirẹ̀ ni ìwọ̀ oòrùn, àríwá ìwọ̀ oòrùn, gúúsù ìwọ̀ oòrùn àti àríwá ìlà oòrùn.

Kò sí ọ̀nà kan ṣoṣo tí àwọn méjèèjì jọ ní. Ibo wá ni kí wọ́n kọ orí ibùsùn sí?

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá máa ń tẹ̀lé nọ́ńbà ẹni tó ń mú owó wọlé jù. Àwọn mìíràn á fi ìlẹ̀kùn fún ẹnìkan, kí wọ́n fi ibùsùn fún ẹnì kejì. Ìdájọ́ ni èyí, kì í ṣe ìṣirò. Níbi tí ìṣirò bá ti parí sí báyìí ni ìyàtọ̀ láàrin ọ̀gá kan àti òmíràn máa ń hàn, níbẹ̀ náà ni owó iṣẹ́ wọn ti máa ń yàtọ̀.

Àwọn tó jinlẹ̀ jù nínú iṣẹ́ náà kì í dúró lórí kua. Wọn a béèrè ọdún, oṣù, ọjọ́ àti wákàtí ìbí, wọn a sì kọ àmì méjì méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àmì mẹ́jọ ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní bazi, èyí tó túmọ̀ sí ọ̀rọ̀ mẹ́jọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wò ó bóyá iná ènìyàn pọ̀ jù tàbí omi rẹ̀ kéré, kí wọ́n tó sọ àwọ̀ tí yóò kun ilé rẹ̀ tàbí ọjọ́ tí yóò kó wọlé.

Johannesburg da ìṣirò rú

Ẹ jẹ́ ká padà sí oòrùn.

Láti China, oòrùn ọ̀sán máa ń wà ní gúúsù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé iná àti ìgbà ooru sí gúúsù lórí luopan, tí wọ́n sì gbé omi àti òtútù sí àríwá. Ààfin àwọn ọba ní Beijing dojú kọ gúúsù. Afẹ́fẹ́ òtútù láti àríwá ń bọ̀ lẹ́yìn, ooru sì ń bọ̀ níwájú. Ó bá ọgbọ́n mu.

Johannesburg wà ní nǹkan bíi dígíríì 26 sí ìsàlẹ̀ ìlà agbedeméjì ayé. Oòrùn ọ̀sán wà ní àríwá níbẹ̀, àwọn tó ń ta ilé ní ìlú náà sì máa ń pariwo rẹ̀ nínú ìpolówó pé ilé yìí dojú kọ àríwá. Ìlú náà ga tó bíi mítà 1,750 sókè ju òkun lọ, òtútù òru oṣù Kẹfà àti Keje ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹni tó bá kọ́ ilé rẹ̀ kí ó dojú kọ gúúsù bí ti Beijing yóò gbọ̀n nínú rẹ̀.

Àwọn àkókò náà yí padà. Ọjọ́ tí bazi ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé, ní nǹkan bí ọjọ́ 4, oṣù Kejì, ìgbà ooru ṣì ni ní Johannesburg, òjò àrá sì ṣì ń rọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀ ní oṣù Kejìlá yóò ní oṣù omi àti òtútù nínú àmì mẹ́jọ rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé inú ooru ni ìyá rẹ̀ ti bí i.

Àríyànjiyàn lórí èyí ti pẹ́, kì í sì í ṣe ní South Africa nìkan. Ó wà ní Australia àti New Zealand pẹ̀lú. Àwọn kan ní kí wọ́n yí kọ́ńpáàsì àti àwọn oṣù padà, kí iná wà ní àríwá. Àwọn yòókù, tí wọ́n pọ̀ jù lára àwọn tó ń tẹ̀lé ìlànà àtijọ́, ní rárá. Wọ́n ní òòfà ayé ni abẹ́rẹ́ ń tẹ̀lé, pé àríwá kan ṣoṣo ló wà, àti pé ọdún kan náà ni gbogbo ayé ń lò.

Àríyànjiyàn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹ padà sọ́dọ̀ tọkọtaya ọdún 1972 yẹn. Tí wọ́n bá yí àríwá àti gúúsù padà, gúúsù ìlà oòrùn tó jẹ́ ọ̀nà tó dára jù fún ọkọ yóò di àríwá ìlà oòrùn, èyí tó wà lára ọ̀nà ìyàwó. Ọ̀gá méjì lè wọ ilé kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n sọ ohun tó ta ko ara wọn pátápátá, kí àwọn méjèèjì sì tọ́ka sí ìwé.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń ṣe é fúnra wọn nínú ilé kì í sábà fiyèsí. Abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì kì í tọ́ka sí àríwá ayé gangan. Ní Èkó, ìyàtọ̀ náà kéré gan-an. Ní Guangzhou, kò tó dígíríì 5. Ní Johannesburg, ó súnmọ́ dígíríì 20 sí apá ìwọ̀ oòrùn, bẹ́ẹ̀ dígíríì 15 péré ni òkè kan nínú 24 gbà.

Ìyẹn ni pé tí ẹnìkan bá fi máàpù orí fóònù tàbí pẹpẹ ìwé ilé wo ibi tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí, tó sì rí gúúsù gangan, yóò rò pé ojúlé ẹṣin lòun wà, pé Tai Sui ọdún 2026 ti dúró sí ẹnu ọ̀nà òun. Tí ọ̀gá tó mú luopan bá dé, abẹ́rẹ́ yóò ka nǹkan bíi dígíríì 200. Ojúlé mìíràn nìyẹn. Ẹ̀rù tí onílé ti ń bà láti ìgbà ọdún tuntun, lórí ohun tí ìlànà náà fúnra rẹ̀ kò sọ ni.

Ilẹ̀ Johannesburg gan-an tún ní òòfà tirẹ̀. Àwọn òkúta kan tó ní irin púpọ̀ wà lábẹ́ Witwatersrand, wọ́n sì lágbára débi pé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, onímọ̀ ilẹ̀ ọmọ Jámánì kan, Rudolf Krahmann, fi ẹ̀rọ tó ń wọn òòfà tọpasẹ̀ wọn láti mọ ibi tí wúrà fara pamọ́ sí lápá ìwọ̀ oòrùn ìlú náà. Ohun tó sọ àwọn kan di olówó níbẹ̀ lè ṣi abẹ́rẹ́ ọ̀gá feng shui lọ́nà.

Ní ti omi, Johannesburg wà lára àwọn ìlú ńláńlá díẹ̀ láyé tí kò sí létí òkun, adágún tàbí odò ńlá. Síbẹ̀, òkè omi funfun ni ìtumọ̀ orúkọ Witwatersrand ní èdè Afrikaans.

Nígbà tí ìràwọ̀ bá wọ yàrá ìbímọ

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọ̀ ògiri nìkan ni èyí, kí ó wo Japan ní ọdún 1966.

Wọ́n gbà gbọ́ níbẹ̀ pé obìnrin tí wọ́n bí ní ọdún Ẹṣin Oníná yóò ya olóríkunkun, yóò sì pa ọkọ rẹ̀ jẹ. Ní ọdún 1965, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.82 ọmọ ni wọ́n bí ní Japan. Ní 1966, ó já sí mílíọ̀nù 1.36. Ní 1967, ó gòkè padà sí mílíọ̀nù 1.94. Ìdámẹ́rin àwọn ọmọ tí wọn ì bá bí lọ́dún yẹn ni wọn kò bí, torí orúkọ ọdún.

Òdìkejì rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ ní ọdún dírágónì. Ní Singapore, àwọn ìdílé ará China bí ọmọ púpọ̀ sí i ní ọdún 1976 àti 1988, torí pé dírágónì ni ọba láàrin àwọn ẹranko náà. Àwọn ọmọ yẹn ló wá ń du àyè ilé ìwé mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Kò sí ìwádìí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó fi hàn pé ọdún tí wọ́n bí ènìyàn ń darí ìwà rẹ̀ tàbí ọ̀nà tó yẹ kí ibùsùn rẹ̀ kọjú sí. Ìdánwò tó lókìkí jù lórí irú ọ̀rọ̀ yìí ni èyí tí Shawn Carlson gbé jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní ọdún 1985. Àwọn awòràwọ̀ òyìnbó ló dán wò, kì í ṣe ti China, wọn kò sì lè so àkọsílẹ̀ ìbí mọ́ ẹni tó ni ín ju bí ẹni tó kàn ń méfò yóò ṣe rí i so.

Lára ìmọ̀ràn feng shui sì wà tí kò nílò ìràwọ̀ láti bá ọgbọ́n mu, bíi kí afẹ́fẹ́ ráyè wọlé, kí ẹrù má dí ẹnu ọ̀nà, àti kí ènìyàn lè rí ìlẹ̀kùn láti orí ibùsùn. Èyí tí wọ́n ń ṣírò láti ọjọ́ ìbí ni ẹ̀rí rẹ̀ kò sí. Ẹ̀yìn rẹ̀ náà ni owó pọ̀ sí jù, torí pé ọdọọdún ni àwọn ìràwọ̀ ń ṣípò, ọdọọdún sì ni oníbàárà ń nílò ìmọ̀ràn àti ohun ìdáàbòbò tuntun. Ẹnikẹ́ni ló sì lè pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá.

Fafi, tó ti wọ Soweto tipẹ́

Ká tó gbọ́ feng shui lẹ́nu àwọn aláwọ̀ dúdú ní Johannesburg, nọ́ńbà àwọn ará China ti wọ inú ilé wọn láti ọ̀nà mìíràn. Fafi ni wọ́n ń pè é, tẹ́tẹ́ nọ́ńbà 1 sí 36 tí òfin kò fọwọ́ sí, tí àwọn ará China ń darí, tí àwọn obìnrin ilé ní Alexandra àti Soweto sì ń ta.

Àlá ni wọ́n fi ń yan nọ́ńbà. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní ohun tó dúró fún. Ẹni tó bá lálàá ọba á ta 1, ẹni tó rí òkú ọkùnrin á ta 4, ẹni tó rí ẹlẹ́dẹ̀ á ta 8. Mẹ́rin yẹn kò yani lẹ́nu, torí pé ní èdè China, mẹ́rin àti ikú dún jọra. Àwọn tó ń ta Baba Ìjẹ̀bú ní ìlú Èkó, tí wọ́n máa ń jí pẹ̀lú nọ́ńbà lọ́kàn, kò ní ṣàì mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ìbáṣepọ̀ yìí pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, wọn kò ka àwọn ará China tó wà níbẹ̀ mọ́ òyìnbó, ìyà sì jẹ wọ́n. Ní ọdún 2008, ilé ẹjọ́ gíga ní Pretoria dájọ́ pé àwọn ọmọ South Africa tó jẹ́ ará China yẹ kí wọ́n wà lára àwọn tí òfin ń pè ní aláwọ̀ dúdú, kí wọ́n lè jẹ àǹfààní tó wà fún àwọn tí wọ́n ti rẹ́ jẹ.

Ṣé Ifá ni wọ́n ń dá?

Yorùbá tó bá ka ọ̀rọ̀ yìí débí lè ti máa ronú kan ẹsẹ̀ǹtáyé, níbi tí babaláwo ti ń wo ohun tí ọmọ tuntun mú wáyé. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Baba ńlá wa náà kì í kọ́lé tàbí gbéyàwó láìbéèrè, a sì ní ọjọ́ Ifá, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta àti ọjọ́ Ọbàtálá.

Bí wọ́n ṣe ń to àmì pàápàá jọra. Àmì ẹyọ kan tàbí méjì ni babaláwo ń tẹ̀ títí yóò fi di odù, odù 256 sì ni gbogbo rẹ̀. Ìlà tó ṣe odindi tàbí tó gé sí méjì ni àwọn ará China ń tò ní mẹ́ta mẹ́ta títí yóò fi di mẹ́jọ, àwọn mẹ́jọ yìí ló sì wà lẹ́yìn kua. Tí wọ́n bá to mẹ́jọ lé mẹ́jọ, ó di 64.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ṣe pàtàkì. Ifá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí. Ọmọ méjì tí wọ́n bí ní wákàtí kan náà lè ní odù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí odù tó bá yọ lójú ọpọ́n ló ń sọ̀rọ̀. Ẹbọ sì wà, ohun tó burú ṣeé tún ṣe. Nínú bazi, ìbéèrè kò sí. Ọjọ́ ti sọ tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé, àwọn méjì tí wọ́n bí ní wákàtí kan náà sì ní àmì mẹ́jọ kan náà. Ohun tó kù fún ènìyàn ni ibi tí yóò gbé àti ìgbà tí yóò ṣí ẹsẹ̀, èyí gan-an ni iṣẹ́ tí feng shui ń bá a ṣe.

Ní ọjọ́ 6, oṣù Kejì, ọdún 2027, ọdún àgùntàn yóò wọlé. Tai Sui yóò ṣí kúrò ní gúúsù gangan, yóò lọ sí ojúlé tó wà láàrin gúúsù àti gúúsù ìwọ̀ oòrùn. Àwọn ọmọ ọdún eku á mí, yóò wá kan àwọn ọmọ ọdún màlúù. Àwọn onílé ní Johannesburg tí wọ́n dá ilẹ̀ gbígbẹ́ dúró lápá gúúsù lè pe àwọn bíríkìlà wọn padà, tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ fẹnu kò pẹ̀lú ọ̀gá wọn lórí ibi tí gúúsù wà.